Orí Kẹsàn-án: Pépà tí í Gba Kéèkì Dúró

Kí kéèkì tó dé ilẹ̀ Yorùbá rárá ni àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé oúnjẹ tí ó bá ń ṣàn kò lè dá dúró níwájú iná, àfi bí a bá wá ohun tí yóò gbà á mọ́ra títí yóò fi jinná tí yóò sì dì. Ewé ni wọ́n rí lò. Ìyá tí ó bá fẹ́ pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ kì í ṣàdédé já ewé tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ya, yóò nù ún mọ́, yóò fi han iná díẹ̀ bí ó bá le jù, yóò sì ká a kí ó lè gba ìwọ̀n ẹ̀wà lílọ̀ tí ó fẹ́ bù sí i. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò sì fi ọgbọ́n yìí sílẹ̀ sẹ́yìn, nítorí pé títí di òní olónìí, ní ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pọ́n abará tí wọ́n fi ẹ̀wà lílọ̀ ṣe sí.

Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni pépà roboto, tí a ṣẹ́ ní wínníwínní yíká, ń ṣe fún kéèkì kékeré àti mọ́fìnì. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi kéèkì títà gbọ́ bùkátà ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ, mọ̀ dájú pé kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni a kọ́kọ́ ṣe pépà náà fún. Òun ni ó ń gba kéèkì dúró nígbà tí kéèkì kò tíì lágbára, òun ni kì í jẹ́ kí ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páànù, òun náà ni oníbàárà yóò dì mú kí ọwọ́ má bàa kan oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń wo àwọ̀ rẹ̀ nìkan kí ó tó rà á yóò fi owó ra àbùkù.

Láyé àtijọ́, kò sí pépà yìí. Ní ọdún 1796, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Amelia Simmons, tẹ ìwé oúnjẹ sísè kan jáde, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ bí a ti í ṣe kéèkì fúyẹ́fúyẹ́ kan tí a ó yan nínú àwọn ife kéékèèké. Ẹni tí ó bá ń yan kéèkì nínú ife tàbí nínú páànù lásán gbọ́dọ̀ fi bọ́tà pa inú rẹ̀ dáadáa, kí ó sì wọ́n ìyẹ̀fun lé bọ́tà náà lórí. Síbẹ̀síbẹ̀, ìdí kéèkì lè já sílẹ̀ kí orí nìkan jáde wá. Làálàá yìí ni pépà mú kúrò lọ́rùn alásè. Àwọn ìṣẹ́po ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàápàá nídìí: pépà roboto tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ kò lè di ife láìṣẹ́po, ìṣẹ́po náà ni ó ń mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gírígírí, òun náà ni ó sì ń là díẹ̀díẹ̀ bí kéèkì ti ń wú.

Bí ẹ bá dé Ìdúmọ̀tà tàbí Òkè-Àrín ní Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, tàbí tí ẹ bá wọ ọjà Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, oríṣiríṣi pépà ni àwọn tí ń ta ohun èlò kéèkì yóò kó síwájú yín. Ọ̀kan jẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán tí kò ní ohunkóhun lára. Òun ni ó máa ń rọjú owó jù, òun náà ni ó sì máa ń fa ọ̀rá mu jù. Òmíràn ni pépà tí òróró kì í là kọjá: a ti lu èròjà igi tí a fi ṣe é títí tí àwọn fọ́nrán rẹ̀ fi wọnú ara wọn pinpin, tí ọ̀rá kò fi rí ojú ihò kankan gbà. Òmíràn sì tún wà tí a fi sílíkóònù pa lára, tí kéèkì ń bọ́ kúrò lára rẹ̀ láìjà. Ife fóìlì wà, tí ó lè dá dúró lórí páànù pẹrẹsẹ láìsí ihò tí yóò gbà á dúró, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí a gbé sínú ààrò máíkírówéfù. Ife páálí líle wà pẹ̀lú, èyí tí etí rẹ̀ ká, tí òun náà kò fẹ́ páànù oníhò.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo kéèkì tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó yan pépà. Kéèkì tí bọ́tà rẹ̀ pọ̀ kì í sábà lẹ̀ mọ́ pépà, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ yóò jáde sára pépà tí kò dára, àwọ̀ aláràbarà tí ẹ torí rẹ̀ rà á yóò sì ṣú, òdòdó ara rẹ̀ yóò pòórá bí ẹni pé omi dà sí i. Pépà tí òróró kì í là kọjá ni ó yẹ irú kéèkì bẹ́ẹ̀. Mọ́fìnì tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, irú èyí tí àwọn tí ń ṣọ́ ara wọn nítorí àìlera máa ń fẹ́, ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ pépà jù lọ. Pépà onísílíkóònù ni kí ẹ wá fún un, bí kò bá sì sí, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa inú pépà tí ẹ ní. Ní ti kéèkì ṣokoléètì, dúdú rẹ̀ yóò hàn láti inú pépà funfun, nítorí náà pépà aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí fóìlì ni ó bá a mu. Ọ̀rọ̀ ojú yìí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ń tajà, torí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà mọ pépà tí ó dára láìka ohun tí ẹni tí ń tà á bá sọ. Ẹ kán òróró díẹ̀ sínú ẹyọ kan, kí ẹ gbé e lé orí ìwé funfun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ìwé ìsàlẹ̀ bá gbẹ, pépà náà yóò ṣe é lò. Bí ó bá ní àbàwọ́n, ẹ ti rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ààrò. Bí àwọ̀ pépà bá sì jáde mọ́ òróró náà, ẹ má lò ó rárá. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má fi ìwé ìròyìn tàbí ìwé kàlẹ́ńdà ṣe pépà kéèkì nítorí ọ̀wọ́n. Yíǹkì tí a fi tẹ̀ wọ́n kì í ṣe oúnjẹ. Pépà tí a fi ìda pa lára kò yẹ ààrò bákan náà, nítorí ìda yóò yọ́, yóò sì rú èéfín.

Ìwọ̀n náà kò ṣòro. Páànù oníhò tí ó wọ́pọ̀ ní ihò 12, pépà rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìdí, kí ó ga tó 3. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ ó ka ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí, àti ẹ̀gbẹ́ kejì: 3, 5, 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11. Pépà tí ó bá kéré ju ihò lọ kò ní rí ohun fẹ̀yìn tì, kéèkì yóò sì wọ́. Èyí tí ó bá tóbi jù yóò wọ́ jọ sínú kéèkì. Bí ọjà bá jìnnà, ẹ gé pépà onísílíkóònù tí a ń tà ní ìdì sí igun mẹ́rin, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15, kí ẹ fi ìdí ìgò tí ó mọ́ tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò. Etí rẹ̀ yóò yọ sókè bí òdòdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ọjà lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá yá, ẹ fi ìka ya àwọn pépà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n máa ń so mọ́ra. Àpòpọ̀ kéèkì kékeré kò gbọdọ̀ kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta pépà, ti mọ́fìnì sì lè dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ṣíbí kan náà ni kí ẹ fi bù ú látòkè délẹ̀ kí wọ́n lè jinná pọ̀. Ìwọ̀n ooru 180 ní Sẹ́síọ́ọ̀sì, èyí tí í ṣe nọ́ńbà 4 lára ààrò gáàsì, dára fún kéèkì kékeré. Mọ́fìnì a máa gba 200, èyíinì ni nọ́ńbà 6.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́ ni ẹ̀yìn ààrò. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ: kéèkì tí a fi sílẹ̀ sínú páànù gbígbóná títí yóò fi tutù yóò làágùn, oru rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, pépà yóò rọ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára kéèkì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ kó wọn sórí àtẹ onírin tí afẹ́fẹ́ lè gbà abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ má sì dì wọ́n sínú ọ̀rá tàbí ike àfi ìgbà tí wọ́n bá tutù pátápátá. Ẹni tí ó bá ń bó pépà lára kéèkì gbígbóná yóò bó ara kéèkì mọ́ ọn, torí pé inú rẹ̀ kò tíì dì tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ife sílíkóònù tí a ń fọ̀ tí a sì ń tún lò dára fún kéèkì tí a fẹ́ jẹ nílé, ṣùgbọ́n kò bá ọjà mu, torí oníbàárà yóò gbé e lọ. Ní ti pépà tí ó bá ṣẹ́kù, inú ike tí a fi tà á ni kí ẹ dá a padà sí, kí ẹ sì dé e pa, pàápàá ní àkókò òjò. Èyí tí a bá dà sínú àpò lásán yóò gba ọ̀rinrin, àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ yóò là, kò sì ní wọ inú ihò páànù dáadáa mọ́.