Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Alóre Ojú Òfuurufú

Ní ayé ogun àtijọ́, àwọn ìlú a máa ní alóre. Alóre ni ẹni tí ó ń gun ibi gíga láti wo ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Kì í ṣe òun ni yóò jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ríran, kí ó sì tètè sọ ohun tí ó rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Òkè Ìdànrè rí mọ bí ojú ti ń ríran jìnnà tó láti òkè.

Ní ọdún 1912, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí. B.E.2 ni orúkọ rẹ̀. Kò jọ àwọn tí ó ń balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ rárá. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, wáyà ni wọ́n sì fi dè é. Apá rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà: alóre ń jókòó síwájú, awakọ̀ ń jókòó sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò de ìbọn kankan mọ́ ọn.

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, awakọ̀ kan gbé B.E.2 lọ wo ibi tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wà ní Bẹ́ljíọ̀mù. Kò mú alóre dání. Ó ṣìnà, ó sì fò kọjá lórí Brussels, olú-ìlú ilẹ̀ náà, láì mọ̀ pé ibẹ̀ ni!

Èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà, B.E.2c, kì í mì jìgìjìgì, nítorí náà alóre ráyè wo ilẹ̀ dáadáa. Àbùkù rẹ̀ náà nìyẹn, nítorí kò lè yára yí padà. Nígbà tí ọkọ̀ Jámánì tí ó ní ìbọn níwájú yọ ní 1915, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn já lulẹ̀.

Ní 1916, wọ́n kó irú ọkọ̀ yìí lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà náà. Wọ́n ń ju bọ́ǹbù níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wíwò ni olórí iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí ó lé ní 2,000 wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, wọ́n lọ jà níbẹ̀. Haúsá pọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ Yorùbá náà sì wà níbẹ̀.

Kí ni alóre ń rí láti òkè? Ewé ni! Ẹni tí ó bá mọ igbó agbègbè Oǹdó yóò mọ ohun tí mo ń wí. Abẹ́ igi ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ń gbà rìn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Oòrùn àti òjò sì ń ba igi àti aṣọ ara ọkọ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ń wá ọ̀tá kiri nínú igbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1917, odò Rufiji kún, oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, ebi sì pa wọ́n débi pé wọ́n ń wa gbòǹgbò igi jẹ. Ọkọ̀ tí ó ń gbé ènìyàn méjì péré kò lè gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n ja ogun ọjọ́ mẹ́rin ní Mahiwa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ní 1918 ni àwọn tí ó kù padà wá sí ilé.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ alóre?
2. Kí ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ B.E.2?
3. Kí ló dé tí alóre kò fi rí ọ̀tá dáadáa nínú igbó?
4. Bi àwọn àgbà ilé rẹ bí ìlú rẹ bá ní alóre rí, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ.