Àkísà Òǹkọ̀wé Eré

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo máa ń pa fún ọmọ tó bá sọ fún mi pé òun ti wọ yunifásítì, eré kíkọ lòun sì fẹ́ kọ́. Aṣọ kì í wọ́n wọn. Ìtàn tó dùn kún orí wọn. Àkísà ni kò tíì sí: eré tí o kọ tí kò dúró, ojú ìwé tí o fa gègé pa láti òkè délẹ̀, ìran tí àwọn òṣèré kà tí ojú fi tì ọ́. Ọdún mẹ́rin tí o fẹ́ lò yẹn, àkísà ni kí o fi kó jọ.

Má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ka kó ìdààmú bá ọ jù. Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ orí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ifẹ̀ àti Èkó náà ń kọ́ni. Bí JAMB bá fi ọ́ síbẹ̀, dúpẹ́. Bí kò bá fi ọ́ síbẹ̀, rántí pé èdè Faransé ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè n'Ìbàdàn, ìgbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló sì kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ọdún 1970 ni eré náà tó di ìwé.

Ọdún kejì mi ni mo rí àkísà mi àkọ́kọ́. Mo kọ eré nípa ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú sí ìrìnàjò, mo sì fún ìyá yìí ní ọ̀rọ̀ ojú ìwé kan àtààbọ̀, òwe lórí òwe, ẹkún lórí ẹkún. Ní ìrọ̀lẹ́ ìdánrawò, ọmọ kíláàsì mi tó ń ṣe ìyá ń kà á lọ, àwọn tó jókòó ń yíra padà lórí àga. Kò tíì kà á dé ìdajì tó fi dákẹ́. Ó gbé ìwé sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ tó kú náà wà lórí okùn tí a ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó wá da ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì lé àyà rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ òkú. Kò sọ nǹkan kan. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà: láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tó yé mi. Mo fa gègé pa ojú ìwé kan àtààbọ̀ náà, mo sì ṣì ní i nílé dòní.

Nítorí náà, má fi eré rẹ pamọ́ sínú fóònù. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta sí yàrá rẹ ní họ́sítẹ̀lì, kí wọ́n kà á sókè, kí ìwọ panu mọ́. Ibi tí ahọ́n wọn bá ti kọsẹ̀, sàmì sí i. Má ṣàlàyé fún wọn. Eré tí o gbọ́dọ̀ dúró tì kó tó yé èèyàn kò tíì jinná.

Máa tẹ́tí sí àwọn èèyàn pẹ̀lú. Ọkọ béèrè pé, “Ṣé o ti se oúnjẹ?” Aya dáhùn pé, “Àti àárọ̀ ni mo ti ń pè ẹ́, o ò gbé e.” Kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀, síbẹ̀ ó ti dá a lóhùn kọjá ohun tó bi í. Irú èyí ni kí o máa kọ sínú ìwé kékeré tó wà lápò rẹ.

Télọ̀ tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rán agbádá, ọ̀kan ló máa tú wò. Mú The Gods Are Not to Blame, tí Ọlá Rótìmí gbé jáde ní Ifẹ̀ ní 1968, kí o tú u bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọba Gíríìkì àtijọ́ ló rán ní ọ̀nà Yorùbá. Fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ohun tí àwa òǹwòran ti mọ̀ tí ọba kò tíì mọ̀, ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù eré náà wà.

Má sì sọ pé ìwé nìkan ni tìrẹ. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti lórúkọ nídìí eré káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kó tó wá sí School of Drama n'Ìbàdàn ní 1962. Ibẹ̀ ni Lánke Ọ̀mu, tí wọ́n mú láti inú ìwé Amos Tutùọlá, ti jáde ní ọdún kejì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè jókòó kọ́ṣẹ́, ìwọ náà gbé pákó, bá wọn so iná, bá wọn rán aṣọ eré. Ẹni tó ti gbé àga kúrò lórí ìtàgé nínú òkùnkùn rí kò ní ṣàdédé kọ eré tí ilé ń yí padà nígbà mẹ́wàá.

Bàbá rẹ á béèrè ohun tí o fẹ́ máa jẹ. Ìbéèrè gidi ni, má bínú sí i. Kọ́ eré rédíò àti ti fíìmù mọ́ ọn, nítorí owó wà níbẹ̀ ju orí ìtàgé lọ. Má bá a jiyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa ṣe eré rẹ, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, kí o fi í sórí àga kejì níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ.