Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Fara Wé Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀

Bí a bá gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àbújá, a ó rí Obasanjo Space Centre, olú ilé iṣẹ́ NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìmọ̀ òfurufú. Ní ọdún 2003 ni Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè. Nínú àwòrán rẹ̀, àmì kékeré kọ̀ọ̀kan dúró fún ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 32 níbùú lóòró. Àbújá hàn níbẹ̀ lódindi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sun sùyà ní Wuse kò lè hàn. Irú ìṣòro yìí ló ń bá àwọn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ fínra.

Ìṣùpọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀ ní ìràwọ̀ tó ju bílíọ̀nù 100 lọ, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń fa ìyókù mọ́ra. Bí ènìyàn 10 bá pàdé níbi àríyá, tí gbogbo wọn kí ara wọn, ìkíni 45 ni. Bí wọ́n bá di 100, ó di 4,950. Ẹ wá fi bílíọ̀nù ṣírò rẹ̀ wò! Ní 1986, Josh Barnes àti Piet Hut gbé ọgbọ́n kan jáde: kí a kí ará itòsí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì kí agboolé òkèèrè lápapọ̀, bí a ṣe ń sọ pé "ẹ bá wa kí ará ilé."

Èyí tó le jù kò tíì kúrò ńlẹ̀. Fún àfarawé TNG50, kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Stuttgart, ní Jámánì, ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Síbẹ̀, ẹyọ gáàsì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí oòrùn 85,000. Ìràwọ̀ tó bú gbàmù lè tú gáàsì ká, kó má jẹ́ kí ìràwọ̀ tuntun tètè jáde. Ṣùgbọ́n inú ẹyọ náà ló fara pamọ́ sí, bí onísùyà wa. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a máa fi òfin àfojúdá rọ́pò ohun tí wọn kò lè rí.

Níbí ni ó ti yẹ kí a lajú. Wọ́n a máa tún òfin náà ṣe títí èsì rẹ̀ yóò fi jọ ti ojú ọ̀run. Jíjọ náà nìkan kò fi hàn pé òfin tọ̀nà; ó di ìgbà tó bá sọ ohun mìíràn tí a kò tún un ṣe fún, tó sì rí bẹ́ẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti tú èsì TNG50 sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní íntánẹ́ẹ̀tì (bí iná bá wà) lè yẹ̀ ẹ́ wò.