Ọkọ̀ Oníná: Iye Tí Ó Ń Náni àti Ọjọ́ Iwájú Ọjà Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ọdún yìí dá lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kì í mu epo bẹntiróòlù, tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná ni a ń fi sínú bátìrì rẹ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àwọn òbí ti ń béèrè nípa rẹ̀. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tilẹ̀ fẹ́ fi gbogbo owó àjọ rẹ̀ ra tòkúńbọ̀ kan. Ó ní: "Ààfáà, ṣé kí n rà á?" Kí á tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọ̀nà mẹ́ta.

ÈKÍNÍ: Bátìrì ni owó ọkọ̀ náà

Ọkọ̀ oníná kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti wà lójú títì ní Amẹ́ríkà kí ọdún 1900 tó pé. Ọ̀wọ́n wà lára ohun tí ó lé e kúrò lọ́jà: ní ọdún 1912, nǹkan bí 1,750 dọ́là ni wọ́n ń ta ọkọ̀ oníná, nígbà tí elépo jẹ́ 650 dọ́là.

Nígbà tí ó tún padà dé ní àkókò tiwa, bátìrì ni ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ẹ mọ yúnítì tí a ń rà sí mítà ilé wa. Òun náà ni a fi ń wọn bátìrì ọkọ̀. Ní ọdún 2010, bátìrì tí ó lè gba yúnítì kan ṣoṣo ń náni ju 1,000 dọ́là lọ. Ní ọdún 2024, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 115 dọ́là. Nítorí náà, bátìrì oníyúnítì 50, tí ìbá ju 50,000 dọ́là lọ nígbà náà, ti di nǹkan bí 5,750 dọ́là. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí Ṣáínà kọ́ wà lára ohun tí ó fà á, àti bátìrì tí wọ́n ń fi irin ṣe dípò kóbáltì àti níkẹ́ẹ̀lì tí owó wọn ga.

ÈKEJÌ: Bí ọjà náà ti ń lọ

Ní ọdún 2024, ọkọ̀ tuntun tí ó ju mílíọ̀nù 17 lọ ni wọ́n tà lágbàáyé nínú irú èyí, tí a bá ka èyí tí ó ń gba iná tí ó sì tún ní táǹkì epo mọ́ ọn. Ṣáínà nìkan ra ohun tí ó ju mílíọ̀nù 11 lọ. Ní Norway, nǹkan bí 9 nínú ọkọ̀ tuntun 10 ni ó jẹ́ oníná, nítorí pé ìjọba wọn di ẹrù owó orí lé ọkọ̀ elépo, wọ́n sì fúyẹ́ ti oníná.

Ṣùgbọ́n ní Jámánì, ìjọba fòpin sí owó ìrànwọ́ lójijì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ní ọdún 2024, ọjà ọkọ̀ oníná níbẹ̀ fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ sílẹ̀. Amẹ́ríkà náà dáwọ́ ìrànwọ́ 7,500 dọ́là dúró ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Èyí fi yé wa pé ní ibi púpọ̀, ọjà náà kò tíì lè dá dúró láìsí ọwọ́ ìjọba. Ní Ṣáínà, ọ̀pọ̀ oníná ti pọ́ọ́kú ju elépo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítòsí wa, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò ti ń lo oníná láti ọdún 2022. Wọn kì í ra bátìrì mọ́ alùpùpù. Bí iná bá tán, wọn á dé ibùdó, wọn á fi èyí tí ó ṣófo gba èyí tí ó kún, wọn á sì sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé ẹrù bátìrì kúrò lórí ẹni tí ń rajà.

ÈKẸTA: Ìṣirò tiwa nílé

Ọkọ̀ elépo kékeré lè mu nǹkan bí lítà 8 ní 100 kìlómítà; oníná lè lo nǹkan bí yúnítì 18. Ẹ sọ owó lítà kan di ọ̀nà 8, kí ẹ sọ owó yúnítì kan di ọ̀nà 18, kí ẹ wo èyí tí ó kéré. Níbi tí iná ìjọba tàbí ti oòrùn bá wà, oníná ni yóò borí. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju yúnítì méjì sí mẹ́ta jáde nínú lítà epo kan. Ẹni tí ó bá fi í gba yúnítì 18 lè sun lítà 6 sí 9. Epo tí ó ń sá fún náà ni ó tún padà rà.

Ní ti tòkúńbọ̀, ẹ rántí pé bátìrì a máa gbó. Nissan Leaf tí ó jáde ní ìparí ọdún 2010 kò ní omi tí ń tu bátìrì lára. Ní ọdún 2012, àwọn tí ó ni ín ní ìlú Phoenix, níbi tí oòrùn ti mú gan-an, ké gbàjarè pé agbára bátìrì wọn ti dín kù. Ìlà kéékèèké 12 wà lójú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ tí ń fi hàn bí agbára bátìrì ti kù sí. Ẹ ka ìlà náà kí ẹ tó ka owó fún ẹni tí ń tà á.

ÌDÁHÙN

Ẹni tí iná rẹ̀ dúró, tí ó ń rìn púpọ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe nítòsí, lè rà á, yóò sì jèrè. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ nìkan gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó ṣe sùúrù. Ọ̀wọ́n bátìrì ń rọ̀. Ohun tí mo sọ fún bàbá náà nìyẹn, owó àjọ rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ó jẹ́ kí owó bátìrì wálẹ̀ láti ọdún 2010?
2. Kí ni ó fà á tí ọjà ọkọ̀ oníná fi lọ sílẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 2024?
3. Ẹ fi owó epo àti owó iná àdúgbò yín ṣe ìṣirò ẹ̀kọ́ kẹta, kí ẹ sì fi han òbí yín.