Nígbà Tí Èrò Bá Ya Lu Ìkànnì

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ìkànnì HealthCare.gov kí àwọn ará ìlú lè máa gba adójútòfò ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò ya lù ú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹni mẹ́fà péré ló rí orúkọ fi sílẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ti wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ lórí fóònù rí, lọ́jọ́ tí èsì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí.

Kí ló ń fa irú èyí? Lẹ́yìn ìkànnì, kọ̀ǹpútà kan wà tí à ń pè ní sáfà. Orí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni dátábéèsì wà, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ tí a tò sínú tábìlì kí ẹ̀rọ lè rí wọn mú. Bí ẹ bá ti tẹ nǹkan lórí ìkànnì, ìbéèrè máa ń lọ bá dátábéèsì: mú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni nọ́ńbà yìí wá. Ìbéèrè ẹyọ kan kì í ni ín lára. Àmọ́ bó bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, àbùkù kékeré tí ẹnikẹ́ni ò kà sí á hàn gbangba.

Ohun tí àwọn ọ̀gá sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká ra sáfà tó tóbi sí i." Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti tún HealthCare.gov ṣe kò bá nǹkan kan níbẹ̀ tó ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ bí ìkànnì náà ṣe ń ṣe sí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tètè ṣe. Wọ́n tún rí i pé ohun kan náà tí èèyàn ń béèrè léraléra, inú dátábéèsì ni ẹ̀rọ ń sá lọ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n wá ṣètò kí ohun tí à ń béèrè jù máa wà nítòsí nínú mẹ́mọ́rì. Àkókò tí ojú ewé fi ń ṣí já wálẹ̀ láti nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8 sí 2.

Ẹ jẹ́ ká wo MySQL, dátábéèsì tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò. Ó lè máa kọ ìbéèrè tó bá pẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tàn án. Bí ẹ ò bá yí i padà, èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 10 nìkan ló máa kọ. Mẹ́wàá ti pọ̀ jù; ẹ sọ ọ́ di 1. Ẹ mú ìbéèrè tó lọ́ra jù níbẹ̀, kí ẹ kọ EXPLAIN síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ iye ìlà tó rò pé òun máa wò. Bí tábìlì bá ní ìlà 1,000,000, tí abẹ́ type sì sọ pé ALL, ẹ ti rí olè náà mú: gbogbo ìlà ló ń kà nítorí ẹnì kan. Ó dà bí ìwé orúkọ ẹgbẹ́ tí wọn ò tò ní a-bí-dí. Ẹ fi CREATE INDEX ṣe atọ́ka fún nọ́ńbà tí ìbéèrè fi ń wá ẹni náà, kí ẹ tún EXPLAIN ṣe. ALL á di ref tàbí const, iye ìlà á sì di 1.

Atọ́ka kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Gbogbo àkọsílẹ̀ tuntun tó bá wọlé ni ẹ̀rọ máa fi kún àwọn atọ́ka náà pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má ṣe é fún ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè.

Ẹ tún wo ìsopọ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wọ dátábéèsì: 151 ni MySQL máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ ò bá yí i padà. Bó bá kún, á dáhùn pé "Too many connections." Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré sọ ọ́ di 2,000, mẹ́mọ́rì sì lè tán pátápátá. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí ìbéèrè kan bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 5, ìsopọ̀ 150 ò lè dá ju èèyàn 30 lóhùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá di ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ìsopọ̀ 150 yẹn kan náà lè dá 3,000 lóhùn, bí agbára ẹ̀rọ bá gbé e.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe atọ́ka sórí tábìlì ńlá, ẹ dúró di òru nígbà tí èrò ò pọ̀, kí ẹ sì ti ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pamọ́ síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.