Ìgbómìnà Ọ̀ṣun ni, kì í ṣe Ọ̀ṣun Ìgbómìnà

Wọ́n ní kí n bá wọn kọ ìwé ìpàdé kan ní Ìlá Ọ̀ràngún. Mo kọ ọ́ sókè pé: "Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ṣun Ìgbómìnà." Bàbá àgbà kan tẹ́ ìwé náà sórí itan, wọ́n fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì. "Ọmọ mi, Ọ̀ṣun wo ni ti Ìgbómìnà? Ìgbómìnà Ọ̀ṣun la jẹ́."

Bàbá tọ̀nà. Nínú èdè wa, orúkọ tó kẹ́yìn ló ni èyí tó ṣáájú. Ilé Àjàyí: Àjàyí ló nilé. Ìlá Ọ̀ràngún: Ọ̀ràngún ló ni Ìlá. Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ń bẹ nítòsí, ọba tiwọn náà ń jẹ́ Ọ̀ràngún, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ gé "Òkè" kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀ṣun Òṣogbo ni òrìṣà bí àwọn ará Òṣogbo ṣe ń bọ ọ́, nínú igbó tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tó bá yí i sí "Òṣogbo Ọ̀ṣun" ti sọ ìlú di ti òrìṣà.

Nítorí náà, "Ìgbómìnà Ọ̀ṣun" ni àwọn ará Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí a má baà kà wọ́n mọ́ àwọn ọmọ ìyá wọn ní Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́, tí wọ́n jẹ́ Ìgbómìnà Kwara.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà kò yà kúrò nínú òfin yìí. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n yọ ọ́ lára Ọ̀yọ́, orúkọ òrìṣà odò ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ní Íńdíà náà, orúkọ òrìṣà obìnrin Mumba Devi, tí tẹ́ḿpìlì rẹ̀ wà láàárín ìlú, ló di Mumbai. Ẹni tí kò bá wádìí kò ní mọ̀ pé òrìṣà wà nínú rẹ̀. Tiwa kò fara pamọ́. Mùsùlùmí ń pè é, Kìrìsìtẹ́nì ń pè é, lójoojúmọ́, orúkọ ìyá olódò náà wà ní odindi lẹ́nu wọn. Mo fẹ́ kí a máa kọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Mo tún ìwé náà kọ. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní mo gbàgbé àmì. "Osun" ni mo kọ. Osùn tí ìyá ọmọ fi ń kun ìkókó lára ni wọ́n kà níbẹ̀.