ARÒKỌ AṢÀLÀYÉ: YÍYAN KỌ̀ǸPÚTÀ FÚN IṢẸ́ FÍDÍÒ NÍNÚ ILÉ

Aròkọ aṣàlàyé ni aròkọ tí a fi ń la bí nǹkan ṣe rí, tàbí bí a ṣe ń ṣe é, yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ibi àríyànjiyàn, kì í sì í ṣe ibi ìtàn gígùn. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ nǹkan náà láti inú ilé tirẹ̀ yóò kọ ọ́ dára ju ẹni tí ó há ọ̀rọ̀ sórí lọ. Wo ìbéèrè yìí:

Ṣe àlàyé bí ìdílé tí kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ ṣe lè yan kọ̀ǹpútà àti àwọn ohun èlò mìíràn tí wọn yóò fi gba fídíò àtijọ́ sílẹ̀, tí wọn yóò sì fi tún un tò nínú ilé.

Púpọ̀ nínú àwọn tí mo kọ́ ni ìbá bẹ̀rẹ̀ báyìí: 'Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ó wúlò púpọ̀ fún ọmọ ènìyàn.' Gbólóhùn náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ohunkóhun. Yíyan ni ìbéèrè ń fẹ́, owó sì ni ààlà rẹ̀. Kí o tó fi kálámù kan ìwé, bi ara rẹ léèrè pé: kí ni a fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe? Kí ni a ti ní nílé? Èwo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà? Ìdáhùn rẹ ni ìlapa èrò rẹ. Àpẹẹrẹ nìyí.

ÀPẸẸRẸ ARÒKỌ

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́sàn-án ni ó wà nínú àpótí onígi kan ní yàrá bàbá mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Fíìmù àgbéléwò ni márùn-ún nínú wọn. Àwọn yẹn kò dùn wá. Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1993 kò ní parẹ́ nítorí pé ti ilé wa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́rin yòókù jẹ́ ti ìdílé: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìṣílé, àti ìsìnkú ìyá bàbá mi ní ọdún 1996. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n, kò sí èkejì wọn níbikíbi.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ènìyàn. Bí ọ̀rinrin àsìkò òjò bá wọ inú rẹ̀, ohun funfun bí ẹfun yóò máa hù sí etí téèpù. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó náà ti ń di àwátì, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan, tí a mọ̀ sí ẹni ìkẹyìn tí ń ṣe irú rẹ̀, ti dáwọ́ dúró láti oṣù Keje ọdún 2016.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó kó owó àjọ rẹ̀ lọ sí Èkó, ó sì ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì ńlá kan tí iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀. Gbogbo owó tán síbẹ̀. Ó wá yá ògbólógbòó ẹ̀rọ fídíò kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Kò jẹ́ kí wọ́n nù ún, kò dán an wò, kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú ni ó sì kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà jẹ téèpù. Ibi tí àwọn ọmọ ilé ti ń ki oríkì ìyá àgbà gan-an ni ó ti já. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń ka kásẹ́ẹ̀tì ni owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àwòrán tí ẹ̀rọ fídíò kò bá gbé jáde dáadáa, kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò dá a padà. Kí a wá àlòkù tí ó ṣì lágbára, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún tẹlifíṣàn ṣe kí wọ́n nu orí tí ń ka téèpù, kí a sì fi fíìmù tí kò ṣe pàtàkì dán an wò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ohun kékeré tí ń so ẹ̀rọ fídíò mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò tóbi ju fíláàṣì lọ púpọ̀. Apá kan rẹ̀ ń wọ ojú USB. Apá kejì ń gba wáyà mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣàn: yẹ́lò ń gbé àwòrán, pupa àti funfun ń gbé ohùn. Owó rẹ̀ kò gani lára, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Òmíràn wà tí kò bá kọ̀ǹpútà òde òní ṣe rárá. Òmíràn ń gba àwòrán, kò gba ohùn. Kí a má ṣe fi ojú lásán rà á. Kí a gbé láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì kan dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ní Abẹ́òkúta tàbí ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, kí a gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ níṣojú ẹni tí ń tà á. Kí a yan PAL, nítorí pé òun ni Nàìjíríà ń lò. Lẹ́yìn náà, kí a wò ó bóyá ẹnu àti ohùn ń rìn pọ̀.

Bí ó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí à ń pè ní MiniDV ni ó wà nílé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ojú ihò FireWire ni kámẹ́rà rẹ̀ ń lò, láptọ́ọ̀pù tuntun kò sì ní in mọ́. Ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù tí ó ní ihò náà lè ṣe ohun tí tuntun kò lè ṣe níbẹ̀.

Ó wá kan kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àwòrán kásẹ́ẹ̀tì kò tóbi: ìlà 576 ni ti PAL, nígbà tí fóònù ọwọ́ wa ń ya 1080 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core i5 tó fún iṣẹ́ yìí. A kò nílò ẹ̀rọ àwọn tí ń ta géèmù. Ohun tí kò gbọdọ̀ kéré ni RAM àti àyè ìpamọ́. RAM dà bí tábìlì tí aránṣọ ń gé aṣọ lé lórí. Bí tábìlì bá há, aṣọ yóò máa já bọ́ sílẹ̀. 4GB yóò máa mí hẹlẹ. 8GB ni kí a wá. Kí a tan ẹ̀rọ náà, kí a ka iye tí ó kọ sí ojú rẹ̀, nítorí pé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lè parọ́. Dísìkì SSD yá ju ti àtijọ́ tí ń yí lọ, nítorí náà kí òun wà nínú láptọ́ọ̀pù, kí a sì fi dísìkì ìta, irú èyí tí a máa ń fi wáyà USB so, pa iṣẹ́ tí ó parí mọ́. Fídíò wákàtí kan ní irú DV ń gba bíi 13GB. Bí a bá fún un pọ̀ sí MPEG-2, ó lè wálẹ̀ sí bíi 4GB. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin oníwákàtí mẹ́ta jẹ́ wákàtí méjìlá: 156GB ní DV, 48GB ní MPEG-2. Ìṣirò yìí ni kí a fi ra dísìkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà.

Iná ni ó jẹ́ kí n dárúkọ láptọ́ọ̀pù. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta yóò lo wákàtí mẹ́ta gbáko kí ó tó wọlé tán. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí NEPA (a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ bí orúkọ tilẹ̀ ti yí padà) bá mú iná lọ ní wákàtí kejì, kọ̀ǹpútà orí tábìlì yóò kú, fáìlì náà sì lè bàjẹ́. Láptọ́ọ̀pù kò ní kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fídíò yóò kú, láptọ́ọ̀pù yóò sì máa gba òfìfo sílẹ̀. Nítorí náà, inverter kékeré àti bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò owó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti àtúntò, kò pọn dandan kí a náwó. OBS Studio ń gba fídíò wọlé, Shotcut àti Kdenlive ń gé e, wọ́n sì ń tò ó, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Kí a má ṣe gé ojúlówó. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a máa gé.

Ẹ̀gbọ́n mi ta kọ̀ǹpútà oníná rẹ̀, ó pàdánù níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí ó kù ra gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí. Atẹlifíṣàn-ṣe kan so kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú pọ̀. Ó fo ní ibi oríkì, ó tó bí ìṣẹ́jú méjì. Dísìkì kan wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Ìbàdàn.

ÀKÍYÈSÍ

Ìtàn ẹ̀gbọ́n kò ju ìpínrọ̀ kan àti díẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí ó fi hàn ni ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà. Bí o bá fà á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, aròkọ oníròyìn ni o ń kọ yẹn. Tún wò ó pé 'kí a' ni a fi ń gbani nímọ̀ràn láti òkè délẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'kí a', tí ó wá bọ́ sórí 'kí ẹ' àti 'kí o', yóò da ẹni tí ń kà á láàmú. Ọ̀rọ̀ àyálò kò lẹ́ṣẹ̀, bí a bá ti ń kọ ọ́ lọ́nà kan náà: má kọ 'láptọ́ọ̀pù' lókè, kí o kọ 'laptop' nísàlẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ṣe àlàyé bí a ṣe lè yan fóònù tí a ó fi ya fídíò ayẹyẹ nílé.
2. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń gbé ní Èkó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Kọ lẹ́tà sí i, kí o sọ ohun mẹ́ta tí ó gbọ́dọ̀ dán wò kí ó tó sanwó.